Ta ni yóò sùn nínú ilé náà? Ọ̀rọ̀ ìkọ́lé ní àwọn abúlé ilẹ̀ àbò ní England

Ọdún 1659 ni wọ́n dá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Arkengarthdale sílẹ̀, ní àfonífojì tóóró kan láàárín àwọn òkè Yorkshire Dales, ní àríwá England. Ogun jà, ogun tán, ọba jẹ, ọba wàjà, wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún péré ló kù. Wọ́n tì í pa. Olùkọ́ kò kọ iṣẹ́, ilé kò wó. Ọmọ ló tán nílẹ̀, torí pé àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó bí wọn kò rí ilé tí apá wọn ká ní àfonífojì náà mọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kó lọ sí ìlú.

Lójú ẹni tó kàn ń kọjá lọ, kò sí ohun tó ṣe àwọn abúlé tó wà lágbègbè yẹn. Ògiri òkúta tí wọ́n tò léra wọn láìfi símẹ́ńtì kàn án gun òkè lọ bí okùn. Àgùntàn ń jẹ̀. Abà òkúta dúró ní pápá kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kí olúwarẹ̀ padà wá nírọ̀lẹ́ oṣù Kejì, nígbà tí òtútù mú, kó wá wo ojú fèrèsé. Nínú ilé mẹ́wàá tó tò tẹ̀lé ara wọn, iná lè má tàn ju inú mẹ́ta lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àwọn tó kù, yóò rí àpótí irin kékeré kan tó ní nọ́ńbà lójú. Inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, kí àlejò tó ti sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ láìfojú kan onílé. Mi ò lè rí àpótí yẹn kí n má ronú. Ilé tó bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò ti ibẹ̀ jáde lọ sílé ìwé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ohun tó wà nílẹ̀ ní England báyìí ni pé: ṣé kí wọ́n jẹ́ kí irú abúlé báyìí kọ́ ilé díẹ̀ sí i, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò ni wọ́n wà? Ìjọba tó gorí oyè ní 2024 ṣèlérí ilé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kí sáà ilé aṣòfin yìí tó parí, ó sì tún ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ náà kọ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ ìlú ńlá ló gba ẹnu gbogbo èèyàn kan. Ti abúlé ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìjọba yìí, ó sì takókó ju bó ṣe rí lọ.

Wọ́n ń pe irú ilẹ̀ àbò bẹ́ẹ̀ ní national park, orúkọ náà sì lè ṣi àwa Yorùbá lọ́nà. Bí a bá gbọ́ “national park”, Old Oyo National Park ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: igbó, ẹranko, ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ibodè, àti òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé tàbí dáko síbẹ̀. Ti England kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Yorkshire Dales fẹ̀ tó nǹkan bí 2,179 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ní Lake District tó múlé tì í, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ilé ọtí wà, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wà. Ilẹ̀ náà gan-an kì í ṣe ti ìjọba. Àgbẹ̀, àwọn ìdílé ọlọ́lá àtijọ́, àti ẹgbẹ́ bíi National Trust tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ wọn ni àṣẹ láti kọ́ ohun tó wù wọ́n sórí rẹ̀.

Àwọn tó jà fún òfin náà kò fojú kékeré wo èèyàn inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ gun òkè Kinder Scout, wọ́n wọ ilẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣọdẹ ẹyẹ tí wọ́n sì dí mọ́ mẹ̀kúnnù. Wọ́n ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n, àmọ́ ariwo ọ̀rọ̀ náà kò lọlẹ̀. Ní 1945, John Dower, ayàwòrán ilé tó ń gbé ní abúlé Kirkby Malham nínú Dales, kọ àbájáde ìwádìí kan fún ìjọba. Nǹkan mẹ́rin ló ní kó jẹ́ ti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: kí ẹwà rẹ̀ má bàjẹ́, kí aráàlú ráyè rìn nínú rẹ̀, kí ẹranko àti ilé àtijọ́ inú rẹ̀ ní ààbò, kí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ sì máa lọ láìdáwọ́ dúró. Ẹ bá mi fi ìkẹrin yẹn sọ́kàn. Dower mọ̀ pé ẹwà tó yí òun ká kò ṣàdédé hù láti inú ilẹ̀. Ẹnìkan ló to ògiri òkúta yẹn. Ẹnìkan ló ń gé koríko pápá nígbà ooru kó tó kó o sínú abà fún oúnjẹ ẹran nígbà òtútù. Bí àgùntàn kò bá jẹ̀ lórí òkè mọ́, láàárín ọdún díẹ̀ òkè náà kò ní jọ èyí tí àwọn èèyàn ń wá wò.

Òfin jáde ní 1949. Ní 1951 ni wọ́n ya Peak District sọ́tọ̀, òun ni àkọ́kọ́, Lake District sì tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mẹ́wàá ló wà ní England lónìí, mẹ́ta ní Wales. South Downs tó wọlé ní 2010 ló kẹ́yìn nínú ti England. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn ilẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n dáàbò bò nítorí ẹwà wọn, tí wọ́n ti ń pè ní National Landscapes láti oṣù Kọkànlá 2023. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ England. Ẹ má fi wọ́n pe Green Belt o. Ìyẹn ni ilẹ̀ tí wọ́n fi yí ìlú ńlá ká kí ìlú má baà tàn kálẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹwà, òfin tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Òfin 1995 ló sọ ohun tí àwọn aláṣẹ National Park gbọdọ̀ máa ṣe. Iṣẹ́ méjì ló gbé lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n pa ẹwà, ẹranko àti àṣà ilẹ̀ náà mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn èèyàn lè gbádùn rẹ̀ kí wọ́n sì mọ̀ nípa rẹ̀. Bí méjèèjì bá forí gbárí, ti àkọ́kọ́ ló gbọdọ̀ borí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Òfin ní, bí àwọn aláṣẹ bá ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, kí wọ́n máa gbìyànjú láti mú kí ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé àwọn ará ibẹ̀ dára. Ojúṣe ni wọ́n pè é, wọn ò kà á mọ́ iṣẹ́ méjì yẹn. Ní 2023, òfin mìíràn tún fún àwọn iṣẹ́ méjèèjì lágbára sí i: láti ìgbà náà, gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba tí ìpinnu rẹ̀ bá kan ilẹ̀ náà gbọdọ̀ gbìyànjú láti mú wọn tẹ̀ síwájú. Ẹnikẹ́ni kò fi kún ìwọ̀n ti àwọn ará abúlé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìkọ́lé fúnra rẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ ní England kò tíì ra ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sí i. Láti ìgbà òfin 1947 ni ìjọba ti gba ẹ̀tọ́ yẹn sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní London tàbí Manchester ti mọ èyí, wọ́n ti dúró de àṣẹ káńsù fún oṣù mélòó kan nítorí yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ fi kún ẹ̀yìnkùlé. Nínú National Park, ọwọ́ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ àbò ni àṣẹ ìkọ́lé wà, kì í ṣe ọwọ́ káńsù. Àmọ́ káńsù ni orúkọ àwọn tí kò rílé gbé wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé inú yàrá kan kọ́ ló lè fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé ilé kọ́ ni ìyá náà ń lọ bá.

Àwọn aláṣẹ a máa kọ ìwé ètò ìkọ́lé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń to àwọn ìletò sí ipò. Èyí tó ní ọjà, dókítà àti ọkọ̀ èrò, wọ́n á ní ilé lè lọ síbẹ̀. Èyí tí kò ní, wọ́n á ní rárá, àwọn tó bá kó débẹ̀ yóò kàn máa wakọ̀ kiri ni. Ó bọ́gbọ́n mu lórí ìwé. Matthew Taylor, tó jẹ́ aṣòfin nígbà náà, ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ náà fún ìjọba ní 2008, ó sì pè é ní pańpẹ́. Abúlé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kò ní rí ilé tuntun gbà. Nígbà tí ilé kò pọ̀ sí i, èèyàn á máa dín kù, bọ́ọ̀sì tó kù á dáwọ́ dúró, ilé ìwé á tì. Bí wọ́n bá padà wá yẹ ibẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á ní ẹ ò rí i, a ti sọ ọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ilé tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ó ń tà, ọjà rẹ̀ yá gidigidi. Ẹni tó ta ilé ní London tó sì ti fẹ̀yìntì, apá rẹ̀ ká a. Ẹni tó fẹ́ fi Airbnb, ìkànnì tí wọ́n fi ń háyà ilé fún àlejò, pa owó, apá tirẹ̀ náà ká a. Ọmọ àgbẹ̀, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, agbọ́tí ní ilé ọtí, owó oṣù wọn kò lè gba irú mọ́géèjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì. Ní Yorkshire Dales, ilé kan ó kéré tán nínú márùn-ún ni kò ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ látọdún dọ́dún. Ní àwọn abúlé Lake District kan bíi Elterwater, ilé ìsinmi àti ilé kejì (ti ẹni tó ní ilé mìíràn tó ń gbé níbòmíràn) ti ju ìdajì lọ dáadáa. Àwọn ilé tí káńsù kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà kan, òfin 1980 fún ayálégbé láyè láti rà wọ́n ní ẹ̀dínwó. Inú àwọn tó rà á dùn, mi ò sì bá wọn jà. Àmọ́ èyí tí wọ́n tún kọ́ láti fi rọ́pò wọn kò tó nǹkan.

Ìjọba ti fi owó orí gbìyànjú rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2025, káńsù ní England lè gba owó orí ìlọ́po méjì lórí ilé kejì, North Yorkshire sì wà nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ihò kan wà nínú rẹ̀ ṣá. Ẹni tó bá fi ilé náà gbàlejò fún àádọ́rin ọjọ́ láàárín ọdún, tó sì ṣí i sílẹ̀ fún àlejò fún ogóje ọjọ́, lè gbé e kúrò lábẹ́ owó orí ilé bọ́ sábẹ́ ti iléeṣẹ́. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kékeré, ó lè má san kọ́bọ̀. Wales le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2023 ni káńsù ibẹ̀ ti lè gba àfikún tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó orí gan-an, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án 2024, Gwynedd ní ẹni tó bá fẹ́ sọ ilé tí èèyàn ń gbé di ilé kejì tàbí ilé ìsinmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ.

Ó dáa, kí ló dé tí wọn ò kàn ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ kọ́lé máa kọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún gbọ́, torí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ rò.

Ẹ jẹ́ ká mú pápá kan tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹyìn ní abúlé kan. Àgùntàn ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ tà á bí ilẹ̀ oko, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn díẹ̀ ni éékà kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ilé ọjà sórí rẹ̀, ìyẹn ilé tí wọ́n lè tà fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó, iye rẹ̀ lè fò sókè dé ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Koríko rẹ̀ kò yí padà, òkúta ibẹ̀ kò yí padà, ìwé kan ni wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ tó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tó lè sanwó jù. A sì ti mọ ẹni náà. Ilé tuntun mẹ́fà á dìde, àpótí kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà á sì dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe hùmọ̀ ọ̀nà kan tó dá lórí líle òfin gan-an. Àwọn aláṣẹ á ní: pápá yìí wà lẹ́yìn ààlà abúlé, a ò ní gbà kí ilé ọjà dé ibẹ̀ láé. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kọ́ ilé díẹ̀ fún àwọn ará ibí tówó wọn ò tó, tí ìwádìí sì fi hàn pé wọ́n wà lóòótọ́, a lè yọ̀ǹda rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ni pápá á wá ronú pé láé-láé òun kò lè ta á ní owó gọbọi, ó sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀ ní owó tó lé díẹ̀ lórí ti oko. Nígbà mìíràn ọmọ tirẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń wá ilé. Bí ilẹ̀ ṣe dínwó nìyẹn, bí owó ilé sì ṣe ń mọ níwọ̀n. Òfin tó le ló jẹ́ kí ilé tó dínwó ṣeé kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fọ́n ahesọ pé ìjọba fẹ́ tú òfin náà fún gbogbo ènìyàn, àwọn onílẹ̀ á dáwọ́ dúró, wọ́n á máa retí ọjọ́ ọ̀la, ilé mẹ́fà tó fẹ́ dìde kò sì ní dìde mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí bí mo bá gbọ́ olóṣèlú tó ń pariwo pé kí wọ́n “gba abúlé là” nípa kí wọ́n mú gbogbo ìdènà kúrò. Àwọn tó fẹ́ gbà là ni yóò kọ́kọ́ pàdánù.

Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi ń de irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Abala 106 òfin ìkọ́lé 1990 ló fún un lágbára, ó sì ń bá ilẹ̀ náà rìn ni, kò parí sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ó lè sọ pé ẹni tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní páríìṣì náà, ìyẹn abúlé náà àti àyíká rẹ̀, ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí kò bá sí, ti páríìṣì tó múlé tì í. Bí ìyẹn náà kò bá sí, ti agbègbè tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ó ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn báǹkì kan kì í fẹ́ yáni lówó lórí ilé tí a dè lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ báyìí, torí bí gbèsè bá sú ẹni tó jẹ ẹ́, àwọn tó lè rà á kò pọ̀. Ilé òkúta gbówó lórí láti kọ́, pàápàá bó bá jẹ́ márùn-ún péré ní ibi tí ọ̀nà rẹ̀ tóóró tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Ọdún márùn-ún kì í ṣe nǹkan kan láti ìpàdé àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ “ará ibí” nínú àdéhùn yìí lè bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àlejò kọ́ rèé? A mọ ibi tí irú rẹ̀ ti bá wa dé nílé. Ibi tí èèyàn ń gbé àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò jù, kì í ṣe ìran rẹ̀. Láàárín 2022 sí 2025 tí Bìrìtéènì fi ṣí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkè òkun, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló wọlé síṣẹ́ náà, àwọn kan sì bá ara wọn ní ìgbèríko tí arúgbó pọ̀ sí, tí ẹni tí yóò tọ́jú wọn kò rílé gbé nítòsí. Wọ́n ń wakọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń padà lálẹ́. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àmọ́ ilé tiwọn jìnnà sí oko jù. Iṣẹ́ lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé abúlé lábẹ́ ọ̀pọ̀ àdéhùn wọ̀nyí. Síbẹ̀ mi ò ní parọ́: níbi tí wọ́n bá ti ń ka iye ọdún tí èèyàn ti lò, ẹni tó dé láìpẹ́ á máa wà lẹ́yìn ìlà.

Àwọn tó ń takò ìkọ́lé kì í ṣe ọ̀dájú, ó sì dùn mí bí wọ́n ṣe máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ilé tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà láti ìlú kan dé èkejì, tí ìjọba fi ní láti ṣòfin lòdì sí i ní 1935. Ilé mẹ́fà lọ́dún yìí, mẹ́fà lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí èyí tó tóbi nínú wọn, àmọ́ bí ogún ọdún bá kọjá, pápá ti lọ. Òkùnkùn alẹ́ náà jẹ́ ohun ìní níbẹ̀: láti oṣù Kejìlá 2020 ni ayé ti ka Yorkshire Dales àti North York Moors mọ́ àwọn ibi tí ìràwọ̀ ti hàn kedere tí wọ́n ń dáàbò bò, iná ilé tuntun sì lè ba ìyẹn jẹ́. Omi ìdọ̀tí ilé ń ba odò jẹ́. Ní 2022, nítorí odò bíi Eden ní Cumbria, wọ́n dá ọ̀pọ̀ ìkọ́lé dúró títí tí àwọn tó fẹ́ kọ́lé á fi fi hàn pé ìdọ̀tí tiwọn kò ní fi kún ti tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo rí síbẹ̀ ni pé ilé mẹ́fà tí àgbẹ̀, olùkọ́ àti awakọ̀ ń gbé kò dọ́gba pẹ̀lú ilé mẹ́fà tí àlejò ń sùn sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta kan náà ni wọ́n fi kọ́ wọn, tí àwòrán wọn sì jọra lórí tábìlì aláṣẹ. Òfin England mọ bá a ṣe ń wọn gíga òrùlé, ó mọ àwọ̀ òkúta, ó mọ bí fèrèsé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ọdún pípẹ́ ló gbà á kó tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹni tí yóò sùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ abà òkúta inú pápá fi èyí hàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà ní Dales, ọ̀pọ̀ sì ń wó lọ torí pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yí padà. Ìwé ètò ìkọ́lé tí wọ́n fọwọ́ sí ní òpin 2016 gbà kí wọ́n sọ àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà di ilé. Inú àwọn ará ibẹ̀ dùn. Àmọ́ ó fún ẹni tó ni abà láyè láti yan ọ̀kan nínú méjì: ilé fún ará ibí, tàbí ilé ìsinmi. Ẹni tó ní gbèsè lọ́rùn tó sì ní abà kan, ẹ má bínú sí i bó bá yan èyí tó ń mówó wọlé.

Lynton àti Lynmouth, ìlú kékeré méjì tó wà létí òkun ní Exmoor, ló kọ́kọ́ mú ọ̀nà mìíràn wá. Ní 2013 ni àwọn ará ibẹ̀ kọ ìwé ètò tiwọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí olówó rẹ̀ ń gbé gan-an. Láìpẹ́ àwọn ìlú mìíràn ń ṣe bíi tiwọn. Nígbà tí St Ives ní Cornwall fi í síwájú aráàlú ní 2016, àwọn tó dìbò fún un lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Kò kan ilé àtijọ́, torí náà àwọn olówó kàn kọjú sí ìyẹn, owó rẹ̀ sì ń lọ sókè. Julian Glover, tí ìjọba ní kó yẹ gbogbo ilẹ̀ àbò wò, dá a lábàá ní 2019 pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí irú abúlé wọ̀nyí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìwé rẹ̀ dára. Wọn ò tíì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Àwọn tí kò dúró de ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ràn jù. Ní Crosby Ravensworth ní Cumbria, aráàlú dá ẹgbẹ́ tó ń di ilẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo abúlé sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé bí ogún, wọ́n tún dáwó ra ilé ọtí tó fẹ́ tì. Ní Keswick, láàárín Lake District, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọn kò lò. Àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ Keswick Community Housing Trust sílẹ̀, wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ, wọ́n wá owó lọ síbí wá owó lọ sọ́hùn-ún. Ní 2013, ìdílé mọ́kànlá kó wọ ilé mọ́kànlá lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè kó lọ lọ́la bó bá wù ú. Ẹni tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè náà, ní iye tí apá rẹ̀ ká, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀.